"Ìdájọ́ ìlàjà" kò bá a mu: "ìdájọ́ ìmúbọ̀sípò" ni mo fara mọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìtumọ̀ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ṣe fún àwọn ọlọ́pàá, agbẹjọ́rò àti àwọn tó ń ṣètìlẹ́yìn fún ẹni tí ọ̀daràn ṣe lọ́ṣẹ́. Ẹ ní kí á pe ètò tó ń mú ẹni tó dáràn àti ẹni tó fara káásá rẹ̀ jókòó pọ̀, kí wọ́n lè jọ wá nǹkan ṣe sí aburú náà, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "restorative justice", ní "ìdájọ́ ìlàjà". Kí ẹni tó ń darí ìjókòó jẹ́ "olùlàjà", kí ẹni tó fara káásá sì jẹ́ "olùfaragbá". Ẹ forí jì mí, mi ò lè fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìjà ló wà nínú ìlàjà. Ẹni méjì níí jà, ẹ̀bi sì lè wà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Ní 1974, ní ìlú Elmira ní Kánádà, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì jẹ́wọ́ pé àwọn ba dúkìá 22 jẹ́. Mark Yantzi, òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó àwọn tí kóòtù dá lẹ́bi, dábàá pé kí wọ́n lọ bá àwọn tó ni nǹkan lójúkojú. Adájọ́ gbà. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, wọ́n sì san owó ohun tí wọ́n bà jẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ka ìtàn ètò yìí lóde òní. Ta wá ni nínú àwọn onílé wọ̀nyẹn tí a lè ní wọ́n là níjà?

Mo ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń fà. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo ti ṣe ògbifọ̀, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe bí ẹni ń darí ìjókòó, kí obìnrin kan ṣe bí ẹni tí wọ́n jà lólè. "Ìlàjà" ni a kọ sára pátákó. Ọkùnrin náà na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fi sùúrù gba ara yín."

"Èmi náà kẹ̀? Kí ni mo ṣe?"

Obìnrin náà fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Eré ni, síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi parí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀rọ̀ tí a kọ síwájú rẹ̀ ló ṣì í lọ́nà. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2012 là á mọ́lẹ̀ pé àfi kí ẹni tó fara káásá fúnra rẹ̀ gbà kí irú ìjókòó yìí tó wáyé, ó sì lè yí ọkàn padà nígbàkigbà. Ẹni tó dáràn sì gbọ́dọ̀ ti gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan fẹ́ "ìdájọ́ àtúnṣe". Ó dùn létí, àmọ́ ọgbà àtúnṣe ló máa ń múni rántí, gbogbo ojú á sì tún padà sára ẹni tó dáràn. Ní ti "ìmúbọ̀sípò", ẹ bi mí pé bí wọ́n bá pa èèyàn ńkọ́, kí la fẹ́ mú bọ̀ sípò? Ìbéèrè gidi ni. Òkú ò ní jí, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wà láàyè. Ní kóòtù, ìjọba àti ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ló ń rojọ́. Bí wọ́n bá tiẹ̀ pe ìyá yẹn, ẹlẹ́rìí lásán ni, wọ́n á bi í, á dáhùn, á jókòó. Níbi ìjókòó tiwa, òun ló ń béèrè: kí lọmọ mi sọ kẹ́yìn? Ipò rẹ̀ tí a mú un bọ̀ sí nìyẹn.

"Olùfaragbá" ń dún bí olùkọ́, bí olùdarí, bí ẹni pé aburú di oyè. Ẹ jẹ́ kó gùn: "ẹni tó fara káásá". Ó tún gba ẹbí àti ẹni tó farapa níbi tó ti ń gbani sílẹ̀, àwọn tí ìkéde Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 1985 kà mọ́ wọn. "Ẹni tí a ṣẹ̀" kò gbà wọ́n.

Ẹ sì lo "atọ́kùn", bíi ti rédíò. Atọ́kùn kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àlejò rẹ̀. Iṣẹ́ tí à ń kọ́ wọn gan-an nìyẹn: kí wọ́n kọ́kọ́ rí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí wọ́n mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí wọ́n tó mú wọn jókòó pọ̀.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ fi "ìlàjà" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka orí kìíní ìwé yín sétí ẹnì kan tí wọ́n ti jà lólè rí, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀.