Báwo ni mo ṣe lè dá Solanum nigrum mọ̀ yàtọ̀ sí Solanum americanum?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ewéko. Mò ń ṣe ìwádìí lórí àwọn ọ̀dú tó ń lalẹ̀ hù àti ohun tí àwọn èèyàn ń lò wọ́n fún, ọ̀rọ̀ orúkọ wọn ló wá dá mi dúró. Nigrum ni wọ́n sábà máa ń pe gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ kírómósómù (fọ́nrán inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá) americanum jẹ́ 24, ti nigrum jẹ́ 72. Tí mo bá kó ìlò wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, mo lè ṣi ẹlòmíì lọ́nà, solanine, ìyẹn májèlé inú èso tí kò tíì pọ́n, kì í sì í ṣe nǹkan eré.

Èso americanum tó pọ́n máa ń dán, ewé kéékèèké ìdí rẹ̀ a sì ká sẹ́yìn. Ti nigrum kì í dán tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ń dán bíi dígí, àmọ́ ewé ìdí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ èso pinpin. Mo gbin kóró rẹ̀, bákan náà ló tún so. Mo wọn àpò lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó rẹ̀: mìlímítà 1.5, ààlà àwọn méjèèjì gan-an nìyẹn!

N kò ní ohun èlò tí mo lè fi ka kírómósómù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọ́ èso méjèèjì wò, ṣé hóró líle kéékèèké tó máa ń wà láàárín kóró ṣeé fi dá wọn mọ̀, àbí àmì mìíràn wà tó dájú jù ú lọ?