Ṣé òmìnira ẹ̀sìn ni Amẹ́ríkà ń wò, àbí ìṣèlú?

Ọmọ Aláàgbàká, Àkúrẹ́:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà. Ní oṣù Kejìlá 2020, Amẹ́ríkà kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń fi ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn du aráàlú. Ní oṣù Kọkànlá 2021, wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí oṣù Kẹwàá 2025 ń parí lọ, Ààrẹ Trump tún dá a padà síbẹ̀. Ṣé ìwà wa níbí ló ń yí padà ni, àbí ẹni tó wà lórí àga lọ́hùn-ún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Agbẹjọ́rò Ọba-Ilé:
Òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1998 ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì fi ìpinnu náà sọ́wọ́ ààrẹ wọn, nítorí náà ìṣèlú kò lè ṣàì yọjú níbẹ̀. Ẹ wo Saudi Arabia: láti 2004 ni orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé náà, síbẹ̀ wọ́n ń fi ìyà tó tọ́ sí i jìn ín, wọ́n sì ń ta ohun ìjà fún un. Ṣùgbọ́n n kò ní torí ìyẹn pe ìwé náà nírọ́, nítorí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ló tọwọ́ bọ àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ aráàlú ní 1993, òmìnira ẹ̀sìn sì wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀wọ̀:
Ní 5 oṣù Kẹfà 2022, ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis Xavier ní ìlú wa, wọ́n sì pa àwọn tó wá jọ́sìn. Lọ́dún náà gan-an, orúkọ wa kò sí nínú ìwé Amẹ́ríkà. Ta ni ìwé ọ̀hún wá ń ṣọ́?

Ìyá Arákalẹ̀:
Ẹ̀yin ọmọ mi, Krìstẹ́nì àti Mùsùlùmí nìkan lẹ ń sọ. Àwa tí a ń bọ Ògún ńkọ́? Bí a bá ní kí wọ́n ti ìsọ̀ nítorí ọdún Aheregbe, àwọn kan a ní a ń ni àwọn lára. Faransé sì rèé, tó fi òfin lé ìborí kúrò ní ilé ìwé ìjọba ní 2004. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ tiwọn.

Agbẹjọ́rò Ọba-Ilé:
Ìyá, òótọ́ lẹ sọ nípa Faransé. Ní ti Ògún, abala 38 nínú òfin 1999 wa dáàbò bò yín bó ṣe dáàbò bo oníṣọ́ọ̀ṣì. Ti ìsọ̀ títì ló le díẹ̀: abala kan náà ló fún oníṣòwò tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn yín lẹ́tọ̀ọ́, nítorí náà, lójú tèmi, ẹ lè bẹ̀ ẹ́ kó tì í, ẹ kò lè fipá mú un.