Agbọ́wọ́ró kẹ̀? Ọrùn ńkọ́?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Láti ọjọ́ Ajé tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ ti ní ká máa pe irin tó so háńdù, ìyẹn ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mọ́ ara kẹ̀kẹ́ ní "agbọ́wọ́ró", tí gbogbo yín sì ń kan sáárá sí i, ara mi ò lélẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, mi ò yájú sí yín o. Ẹ ní ẹ ti fi ọdún 30 kọ́ni ní Yorùbá, mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n "ró" tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn ò bá irin náà mu.

Ẹ ní a-gbé-ọwọ́-ró ni. Ìpajẹ ibẹ̀ ò ní àléébù, gbé pàdé ọwọ́, ó di gbọ́wọ́. Ró ni mo ń bá jà. Ró inú dúró, ró inú nàró, ṣé ohun tó ń lọ sókè sódò ni? Ara iṣẹ́ irin yìí ni pé kó ṣeé fà sókè fún ẹni gíga, kó ṣeé tẹ̀ wọlé fún ẹni kúkurú. Ẹnìkan fèsì pé tí a bá ti dè é tán, ó ró nìyẹn. Bóòtù ló mú un ró! Ẹ sì bọ́ àmì orí rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù: agbowo-ro. Ta ni ò ní kà á sí agbowó-orí?

Àbúrò bàbá mi tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí ọjà Jagun, l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, títí agbára fi tán. Bí oníbàárà bá ní ẹ̀yìn ń dun òun torí háńdù ti lọlẹ̀ jù, á tú bóòtù orí irin náà ní ìyípo méjì tàbí mẹ́ta, kò ní yọ ọ́ tán. Á fi pákó kékeré lé e lórí, á fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀kan, kó! Ẹ ó gbọ́ tí irin kékeré tó há a mọ́ inú ọ̀pá iwájú kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀ já bọ́. Èmi á fi orúnkún méjèèjì há táyà iwájú, òun á máa lọ́ háńdù sọ́tùn-ún sósì, á máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Jẹ́ n na ọrùn ẹ̀ sí i." Ohun tó máa ń wí nìyẹn. Ìlà kan wà lára irin náà. Tí ìlà yẹn bá ti fẹ́ yọ síta, kò ní fà á mọ́, bó ti wù kí oníbàárà bẹ̀ ẹ́ tó, torí èyí tó kù nínú ò ní tó di háńdù mú, ó sì lè kán lójú títì.

Ọrùn. Ibi tí ọwọ́ ti pàdé apá, ọrùn ọwọ́ là ń pè é. Ibi tí ẹsẹ̀ ti pàdé ojúgun, ọrùn ẹsẹ̀ ni. Kí ló wá dé tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ò ní lọ́rùn tirẹ̀? Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn kẹ̀kẹ́ tuntun tí irin wọn kì í wọnú mọ́, tó ń gbá ọ̀pá mú láti òde, tí wọ́n ń to òrùka pélébé sábẹ́ rẹ̀ kó lè ga, ọrùn náà ni.

Ẹni tó kọ "ọ̀run kẹ̀kẹ́" lánàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àmì yẹn padà sáyè ẹ̀. Ọ̀run ni bàbá kékeré mi wà báyìí.

Ní ti ẹni tó ní àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń ba èdè Ọ̀yọ́ jẹ́, pé "háńdù" ò yẹ lẹ́nu ọmọ Yorùbá, ìtàn ní Ògbórí-ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń pe ìlú wa, nítorí Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, ọba wa, tó bẹ́ orí jagunjagun kan tó ń jẹ́ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Aláàfin yín náà ló sì gbé orí ọ̀hún lọ fún. Ẹnu àwọn tó ń pè é lójoojúmọ́ ló sọ ọ́ di Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbìmọ̀ kankan ò jókòó lé e lórí. Mi ò tíì parí ìjà yẹn.

Irin kékeré tó ń há sínú ọ̀pá yẹn, mi ò rántí ohun tí bàbá kékeré ń pè é. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lẹ́nu àwọn alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ ní ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́, kó kọ ọ́ síbí, kí ẹnikẹ́ni tó tún rọ òmíràn.