Ojútùú ti dé sí ìbéèrè mi lórí àṣẹ man
Ẹ kú àdúrótì. Mo béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá ìdí tí ìwé ìrànlọ́wọ́ tí àṣẹ man ń ṣí lórí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) fi ń tẹ́ láti etí kan dé èkejì lórí kọ̀ǹpútà ńlá tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ ní Ìjàpò, l'Ákùrẹ́, tí ojú wọn fi ń ṣìnà kí wọ́n tó ka ìlà kan tán. Mo kọ export MANWIDTH=80 sí ìsàlẹ̀ fáìlì .bashrc, fáìlì ètò tí tẹ́míná (ojú fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ) máa ń kà nígbà tó bá ṣí, mo ṣí tẹ́míná tuntun, ìlà kò sì kọjá àyè lẹ́tà 80 mọ́. Lánàá, ọmọṣẹ́ kan ṣí man tar, ìwé ìrànlọ́wọ́ àṣẹ tar tí a fi ń kó fáìlì pọ̀, ó tẹ /exclude láti wá ọ̀rọ̀ exclude nínú rẹ̀, ó ń fi bọ́tìnnì n wá ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú fúnra rẹ̀. Inú mi dùn gidigidi. Mo pa ìbéèrè náà dé.