Lórí "pápákọ̀ agbérapaá" inú ìkéde ilé ìwòsàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé ìwòsàn kan l'Ékòó fẹ́ ṣe ibi tí bàálù agbérapaá yóò máa gbé aláìsàn bà sí, wọ́n sì fẹ́ lẹ ìkéde mọ́ ògiri fún àwọn aládùúgbò. Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìkéde náà pe ibẹ̀ ní "pápákọ̀ agbérapaá." Ẹ̀gbọ́n wa kan ní "pèpéle" ló dáa jù.

Èmi ò fara mọ́ pápákọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pápákọ̀, Ìkẹjà ló máa sọ sí i lọ́kàn: èrò, ẹrù, ariwo tọ̀sán-tòru. Ìjà á ti bẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé. Pèpéle sàn díẹ̀. Ó bá ti orí òrùlé mu, ó bá tàwọn awapo lórí òkun náà mu. Èyí tí wọ́n kàn fi ọ̀dà yà sójú ilẹ̀ gbalasa wá ńkọ́? Mi ò rí pèpéle tó bá ilẹ̀ dọ́gba rí.

"Ibùbà" tẹ́nì kan mú wá pa mí lẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé ẹyẹ ń bà, a sì ní ibùsùn àti ibùjókòó. Àmọ́ ibùba ni ọlọ́ṣà ń lúgọ sí, ta ló sì ń fi àmì ohùn sórí ìkéde ara ògiri? Bàálù balẹ̀ la ń wí lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ibùbalẹ̀."

Ojú méjì ló tún wà nínú àwòrán tí wọ́n ń gbé lọ síwájú ìjọba. Ti inú ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń tẹ̀, níbi tí wọ́n ń kọ H sí (ti ilé ìwòsàn jẹ́ H pupa lórí àgbélébùú funfun). Màá pe ìyẹn ní "ojú ìtẹ̀." Àyè gbayawu ló yí i ká, tí òpó iná àti igi ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Àfikún 14 nínú ìlànà ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú, ìdìpọ̀ kejì, ń fi gígùn ọkọ̀ wọn àyè wọ̀nyí, láti ṣóńṣó abẹ̀bẹ̀ iwájú dé ti ìdí nígbà tí wọ́n bá ń yí. Ti AW139, irú bàálù agbérapaá kan, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 17. Nítorí náà, tí ìkéde bá kan sọ pé "ibẹ̀ fẹ̀ tó báyìí," èwo nínú méjèèjì?

Èyí tó ká mi lára jù ni "ìyọ̀ǹda," tí àbúrò wa lò níbi gbogbo. Onílẹ̀ ló ń yọ̀ǹda. LASPPPA, àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń yẹ àwòrán ilé wò, ìfọwọ́sí ni tiwọn. NCAA ní tirẹ̀, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ìwé àṣẹ ló ń fúnni. Wọ́n lè fọwọ́ sí àwòrán lónìí kí bàálù kankan má sì tíì láṣẹ láti balẹ̀ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "a ti rí ìyọ̀ǹda gbà" kúrò, kẹ́ ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ìjọba ìpínlẹ̀ ti fọwọ́ sí àwòrán ibùbalẹ̀ yìí, ìwé àṣẹ NCAA kò tíì jáde."