Mo ti ríbi ṣe IT o: ìdáhùn sí ìbéèrè mi lórí portfolio

Ẹ ṣeun tí ẹ dúró tì mí. Ẹni tí kò bá ka ìbéèrè mi: graphic design ni mò ń kọ́ ní yunifásítì l'Ékòó, mo sì bi yín pé irú iṣẹ́ wo ni kí n kó sínú portfolio (àkójọ iṣẹ́ ọwọ́ mi) tí mo máa fi wá ibi IT, ìyẹn ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń lọ kọ́ṣẹ́.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ti gbà mí! Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n yọ àwọn lógò ilé-iṣẹ́ tí kò sí níbì kankan kúrò, Ọlọ́run á bù kún yín. Ìwé ABD ọmọdé tí mo ṣe ní Yorùbá ni mo fi rọ́pò wọn, òun gan-an ni ọ̀gá tẹjú mọ́. Wọ́n fìka tọ lẹ́tà "ẹ́", inú wọn dùn pé àmì orí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Kò sí ààyè kan ṣoṣo fún "ẹ́" nínú Unicode (ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà), ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń to àmì mọ́ lẹ́tà. Bí fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà tí a yàn) ò bá dáa, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Wọ́n ti ń kọ́ mi ní CMYK, ìyẹn àwọ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, àti bí àwọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ fi mìlímítà 3 kọjá ibi tí ọ̀bẹ máa gé.

Ìbéèrè mi parí síbí. Fọ́ǹtì tí mo lò ni Noto Serif, ọ̀fẹ́ ni.