Plexi tó ṣe wẹ́kú láàárọ̀, tó kọ̀ jálẹ̀ lọ́sàn-án

Ará Wàǹdó, Àjàṣẹ́:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ni ooru tàbí ọyẹ́ ti ba iṣẹ́ plexi, ike líle tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ rí? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Mo ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún planeur ṣe. Bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì ni planeur. Bàálù mìíràn ló sábà máa ń fi okùn fà á dé òkè. Bó bá ti tú okùn sílẹ̀, ó ku òun àti atẹ́gùn. Ẹni tó ń wà á a máa na ẹsẹ̀ gbọọrọ bí ẹni tó wà lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, wọ́n á wá fi ìdérí plexi tó gùn tó bíi mítà méjì dé e. Iṣẹ́ tèmi ni kí n lẹ ìdérí yẹn mọ́ férémù rẹ̀, kí etí rẹ̀ sì bá ara bàálù dọ́gba.

Lọ́jọ́ kan nígbà òtútù, ẹ̀rọ mú inú ṣọ́ọ̀bù lọ́ wọ́ọ́rọ́, yìnyín wà níta. Mo parí ìdérí kan, mo fi èékánná tọ etí rẹ̀ yíká, kò kọ́ níbì kankan. Mo sùn ire lóru ọjọ́ yẹn. Ilẹ̀ mọ́, a ti bàálù síta, kò tó wákàtí kan tí etí iwájú fi gbé sókè. Ẹyọ owó kan lè wọ ibẹ̀. Ọ̀gá mi ò bínú, ó kàn bi mí pé, "Dígírì mélòó ni ṣọ́ọ̀bù wà nígbà tí o wọ̀n ọ́n?" Ẹnu mi wọhò.

Ohun tó fà á nìyí. Bí ooru bá fi dígírì 30 lé, mítà kan plexi á fi bíi mìlímítà 2 gùn sí i; bí òtútù bá mú un, á sún kì bẹ́ẹ̀ náà. Férémù fáíbà (okùn wẹ́wẹ́ tí a fi gọ́ọ̀mù mú le) tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ kì í wú tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìyẹn. A ti so wọ́n pọ̀, ọ̀kan ń sáré, ìkejì ń fẹsẹ̀ wọ́, àfi kó tẹ̀. Òtútù náà tún ń pọ̀ bí bàálù bá ṣe ń gòkè, bíi dígírì 6 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìdérí tó pa dé nílẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé lókè.

Mo padà wálé, mo rò pé mo ti gbọ́n. Ìyá kan ní Wàǹdó ní kí n ṣe àpótí tí òun á máa kó búrẹ́dì sí, onílẹ̀kùn plexi. Àfẹ̀mọ́júmọ́, nínú ọyẹ́, ni mo wọ̀n ọ́n, mo gé e ṣe rẹ́gí sínú alumíníọ̀mù. Nígbà tó di oṣù kẹta, tí ooru ti dé, ìyá pè mí: "Ọmọ Faransé, ṣé ilẹ̀kùn rẹ máa ń sùn lọ́sàn-án ni?" Mo débẹ̀, plexi ti yọkùn síta bí ìka kan. Ẹ wò ó, bí mìlímítà kan péré bá pọ̀ jù nínú mítà kan tí kò sì ríbi gbà, bí àárín rẹ̀ ṣe máa yọ nìyẹn. Mo gé mìlímítà 3 kúrò. Ìyá ò tíì san owó tó kù dòní, mi ò sì lẹ́nu láti bèèrè.

Onífèrèsé, Kétu:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rẹ́rìn-ín mi o. Fèrèsé kìósì ni tèmi. Mo lu ihò ṣe wẹ́kú vis (ìṣó tí a ń yí wọlé), mo yí i títí ọwọ́ fi ro mí. Mo tún fi epo bẹntiróòlù nu gọ́ọ̀mù ara rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìlà sísán bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn ti yọ láti ihò kọ̀ọ̀kan.

Ará Wàǹdó, Àjàṣẹ́:

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ṣe é léṣe: ẹ fi vis há a mọ́lẹ̀, ẹ tún fi bẹntiróòlù kàn án. Plexi tí ara ti há, bí bẹntiróòlù bá kàn án, á sán wẹ́wẹ́. Omi àti ọṣẹ nìkan. Kí ihò náà tóbi ju vis lọ, kí rọ́bà wà lábẹ́ orí vis, kí ẹ sì dáwọ́ dúró bó bá ti kan rọ́bà.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo fi plexi bo fàráńdà màmá mi. Bí oòrùn bá wọ̀ tán nígbà ọyẹ́, á máa ró "kọ́! kọ́!" títí di òru. Màmá ní àwọn àgbà ló ń rìn lókè, wọ́n ti lọ bá wòlíì.

Ará Wàǹdó, Àjàṣẹ́:

Plexi ló ń sún kì bí òtútù ṣe ń mú un, tí vis sì ń dì í mú. Gbogbo vis, ẹ tú u díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fẹ ihò rẹ̀. Láàárọ̀ ni kí ẹ ṣe é, kí ìyá rí yín.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:

Mo ti tú u. Ó ṣì ró lẹ́ẹ̀kan lálẹ́ àná. Màmá ní ọ̀kan ṣì kù nínú àwọn àgbà náà.